Ẹni Tó Pe Bàbá Mi ní Ìwọ

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, irin ló ń bẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan tó ti rún, ó ń fi òòlù kékeré kàn án díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ pé, "Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́, má bínú." Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú awọ àga tí mo fẹ́ rán. Mi ò lè wọlé, mi ò lè padà.

Ó gbójú sókè. "Wọlé, má bẹ̀rù. Títí di òní, kò tíì dá mi lóhùn."

Ìdí tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù fi ń pè é ní Pẹ̀lẹ́ nìyẹn. Bàbá mi ló gbà á síṣẹ́. Ọkọ̀ àtijọ́ ni wọ́n máa ń gbà, wọ́n á gé e, wọ́n á tún un mọ títí á fi di ọkọ̀ tí kò ní ìkejì. Èmi, tí ìyá mi kọ́ ní ìwé àti ìránṣọ nílé kó tó dolóògbé, ni mo ń rán àga wọn. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ láàárín èèyàn. Ṣùgbọ́n Pẹ̀lẹ́ kì í kánjú, kì í pariwo, kí n sì tó mọ̀, ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára.

"Olólùfẹ́ mi," ló máa ń sọ, "ìgbà wo lo máa tó pè mí ní ìwọ?"

"Ẹ jù mí lọ, ẹ sì mọ̀."

"Ṣé ẹ̀yin, ẹ̀yin yìí la ó máa bá lọ títí a ó fi darúgbó? Àwọn ọmọ wa á máa wá ẹnì kejì tó wà lẹ́yìn mi."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbé e.

Bàbá mi ti gba ọ̀rọ̀ wa. Ó ku ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Tí kò bá fọwọ́ sí i, kò sí ìgbéyàwó. Ìgbà yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n dé.

Ètò nípa àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Kámẹ́rà wọn dúró tì wá fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àmọ́ tí Pẹ̀lẹ́ bá dijú, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tó wú lára irin, títí á fi sọ pé, "Ó ti tẹ́jú," ńṣe ni ọ̀gá wọn á máa yán. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún Pẹ̀lẹ́ àti bàbá mi pé, "Ẹ̀yin méjèèjì kì í tiẹ̀ jà ni? Àwọn tó ń wòran á sùn lọ. Ẹ bá wa jà díẹ̀, bí ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́, kí èyí kékeré pe ọ̀gá rẹ̀ ní ìwọ."

Pẹ̀lẹ́ kọ̀. Ó sọ fún bàbá mi pé, "Ẹnu mi ò lè sọ ọ́, sà."

"Sọ ọ́, jàre," ni bàbá mi dá a lóhùn. "Eré ni. Ṣé etí mi á já ni?"

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo wà, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Pẹ̀lẹ́ gbé ojú sílẹ̀, ó ní, "Ìwọ bàbá yìí, iṣẹ́ yìí ti ju agbára rẹ lọ." Kò tíì sọ ọ́ tán tó fi di bàbá mi lọ́wọ́ mú. "Ẹ foríjì mí, sà." Bàbá mi gbá a léjìká, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ètò náà jáde, gbogbo ẹbí kóra jọ sí pálọ̀. Mo ń retí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lára irin. Kò sí níbẹ̀. Mo ń retí "ẹ foríjì mí". Wọ́n ti gé e kúrò. Ìjà yẹn nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n sì fi orin adẹ́rùbani sí i lábẹ́. "Ìwọ bàbá yìí." Wọ́n tilẹ̀ fi í hàn lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá Àgbà pa tẹlifíṣọ̀n. "Ṣé ẹni tí ẹ fẹ́ fọmọ fún nìyí? Tó bá lè pe ọ̀gá rẹ̀ ní ìwọ lójú ayé, kí ló máa pe ọmọ wa nínú yàrá?"

Mo wo bàbá mi. Ó tẹjú mọ́lẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn oníbàárà ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìwọ bàbá yìí, ṣé o jí dáadáa?" Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Ọkàn mi gbọgbẹ́. Tí mo bá sọ ohun tí mo gbọ́, bàbá mi ni màá dójú tì. Tí mo bá dákẹ́, màá pàdánù ẹni tí ọkàn mi yàn.

Mo lọ bá Pẹ̀lẹ́ nídìí ọkọ̀. "Ẹ ṣáà sọ fún Ìyá Àgbà pé bàbá ló ní kí ẹ sọ ọ́."

Ó mi orí. "Olólùfẹ́ mi, irin tí a bá fi agbára lù, á tọ́, àmọ́ á fẹ́lẹ́. Bàbá rẹ ló kọ́ mi. Mi ò ní fi agbára lu òun náà."

Ó wá tọrọ àforíjì nílé. Ó dúró láàárín pálọ̀, ó ní, "Mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ, mà. Ẹ̀bi mi ni."

"Ta ló rán ọ?" ni Ìyá Àgbà bi í.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, mà."

Èmi tí kì í sọ̀rọ̀ níwájú àgbà, mo dìde. Mo ní, "Bàbá..." Ìyókù kú sí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti gbọ́. Ó wò mí, ó wo Pẹ̀lẹ́, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Pẹ̀lẹ́ yìí ò mọ irọ́ọ́ pa. Èmi ni mo ní kó sọ ọ́. Mo rò pé etí mi á gbà á. Nígbà tí ayé bá mi gbọ́ ọ, kò gbà á mọ́. Ìtìjú ni ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀."

Ìyá Àgbà wò ó títí. "Ìwọ," ló sọ, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Láti ìgbà tí àwọn òbí wa ti lọ, èmi nìkan ló kù tó ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀. O wá lọ gbé e fún tẹlifíṣọ̀n." Ó nu ojú rẹ̀, ó yíjú sí Pẹ̀lẹ́. "Jókòó, ọmọ mi. Tí ìjà bá tún ń wù ọ́ jà nílé yìí, èmi ni kí o wá bá."

Àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tún padà wá, ìjà míì ni wọ́n ń wá. Bàbá mi gbé òòlù lé ọ̀gá wọn lọ́wọ́, ó ní kó kọ́kọ́ wá bẹ irin.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ọkọ̀ tí bàbá mi àti Pẹ̀lẹ́ jọ kọ́ ló gbé wa, lórí àga tí mo fọwọ́ ara mi rán. Láti ọjọ́ tí ètò yẹn ti jáde, Pẹ̀lẹ́ ò béèrè ìbéèrè rẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti di egbò sí i lọ́kàn. Mo sún mọ́ etí rẹ̀.

"Ìwọ," mo sọ ọ́. "Ìwọ, olówó orí mi."

Ó dijú, bí ìgbà tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tó wú lára irin.

"Ó ti tẹ́jú," ló wí.