Ìwé Wo Ni Ká Kọ́kọ́ Kà?

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bá Ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀, inú ń bí mi. Àjèjì kan ti wọ inú ètò kọ̀ǹpútà tí mo kọ fún ilé ìwòsàn kan. Ibi tó yẹ kó tẹ orúkọ rẹ̀ sí, àmì jákujàku ló tẹ̀ síbẹ̀, ni ètò mi bá ṣílẹ̀kùn fún un bí ẹni pé ọmọ onílé ni. Ọ̀gá wa ò pariwo. Ó kàn ní kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ẹni tó ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa, kó sọ ìwé tí màá kà fún mi.

Yàrá yẹn tutù bí omi yìnyín. Ẹ̀rọ ń kùn lọ́tùn-ún lósì, wáyà aláwọ̀ búlúù rọ̀ káàkiri ara ògiri, ọkùnrin tín-ín-rín kan sì jókòó sáàárín wọn nínú súẹ́tà. Gbogbo ọ́fíìsì ń pè é ní Ẹ̀ṣọ́, torí kò sí ohun tó ń jẹ́ kó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo kí i, mo ro ẹjọ́ mi. Ó gbọ́ mi tán, ó nawọ́ sókè, ó gbé ìwé kan lé mi lọ́wọ́ tó nípọn bíi bíríkì. Ó ní bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ti inú kọ̀ǹpútà kan dé inú òmíràn ló wà níbẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ olè ni mo bá wá."

"Ẹni tí kò mọ ọ̀nà," ó dáhùn, kò tiẹ̀ wojú mi, "kò lè mọ ibi tí olè máa gbà wọlé."

Mo gbé bíríkì mi, mo bá tèmi lọ. Mo kà á nínú bọ́ọ̀sì, mo kà á lórí oúnjẹ, mo sùn lé e lórí ju bí mo ṣe kà á lọ. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan á gba ọ̀nà tirẹ̀, tí wọ́n á sì tún tò ó pọ̀ níbi tó ń lọ. Ó dáa. Àmọ́ kí ló kan ètò mi? Mo padà lọ ṣàròyé, ó tún gbé òmíràn fún mi, èyí tó dá lórí bí wọ́n ṣe ń fi ìṣirò sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú kí ẹlòmíì má baà lè kà á.

Ó sú mi. Mo wá ìwé fúnra mi. Mo rí pẹlẹbẹ kan tó ń kọ́ni bí èèyàn ṣe lè fọ́ ètò ara rẹ̀ kí olè tó bá a fọ́ ọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti rí ihò tí àjèjì yẹn gbà wọlé, mo sì ti dí i. Mo sáré gbé ìwé náà lọ fún Ẹ̀ṣọ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n ìgbẹ̀yìn ló yẹ kéèyàn kà á.

Ọ̀gá gbọ́ àríyànjiyàn wa, ló bá ní kí àwa méjèèjì jókòó, ká yan ìwé tí gbogbo ẹni tó ń kọ ètò níbi iṣẹ́ wa á máa kà. Ẹ wo ẹrù tó dì lé mi lórí. Ẹ̀ṣọ́ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ìpìlẹ̀. Mo ní ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í jókòó ka ìtàn iná. Ohun tó tún ń bí mi nínú jù ni pé ó máa ń jàre mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò mọ ìgbà tí "ẹ̀yin" di "ìwọ" lẹ́nu mi. Mo kàn rí i pé ọjọ́ tí kò bá wá síbi iṣẹ́, mo ṣì máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wo àga rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a ti ń jiyàn láti àárọ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, olólùfẹ́ mi, kí pẹlẹbẹ tìẹ ṣáájú."

Mo fa àga mi sún mọ́ tirẹ̀. Ẹ̀rọ nìkan ló ń kùn.

Kò pẹ́ sígbà náà, mo mú un lọ sílé wa kí àwọn òbí mi lè rí i. Mọ́tò wíwà ni bàbá mi ń kọ́ èèyàn, iṣẹ́ náà ti sọ gbogbo irun rẹ̀ di funfun, kò sì ní sùúrù fún ẹni tó ń rò ó kó tó tẹ búréèkì. Ó bi Ẹ̀ṣọ́ pé kí ló fẹ́ lọ́wọ́ ọmọ òun. Ẹ̀ṣọ́ ní kí èèyàn tó dáhùn irú ìbéèrè yẹn, ó yẹ kó kọ́kọ́ yẹ oríṣiríṣi nǹkan wò. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn nǹkan náà. Bàbá mi jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ó ní òun ò ní fọmọ fún ẹni tí kò mọ ohun tó fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mi orí, ó ní òun ti kìlọ̀ fún mi pé ẹni tó ń ro nǹkan jù ni. Ìyá mi nìkan ló sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Mi ò bá bàbá mi jà. Lọ́jọ́ kejì, mo kó gbogbo ìwé Ẹ̀ṣọ́ dà sórí tábìlì rẹ̀.

"Ìbéèrè kékeré kan ni wọ́n bi ọ́," mo ní. "Inú ìwé wo lo ti ń wá ìdáhùn rẹ̀?"

Ó ní iṣẹ́ òun ni kí òun máa wo ibi tí aburú lè gbà wọlé. Nígbà tí bàbá mi béèrè, gbogbo ọ̀nà tí ayé àwa méjèèjì lè gbà bàjẹ́ ló rọ́ wá sójú òun lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ̀rù bà mí," ó ní.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Dìde, jẹ́ ká máa lọ."

Ó ní kí n jẹ́ kí òun rò ó. Mo ní rárá.

Ẹnu ọ̀nà la bá bàbá mi, ó ń fọ ọkọ̀ tó fi ń kọ́ni. Ẹ̀ṣọ́ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín."

Bàbá mi ò dáwọ́ dúró. "Tó bá bínú sí ọ ńkọ́? Ọmọ yìí máa ń bínú."

"Kò sọ́jọ́ tí kì í bínú sí mi, bàbá. Mo fẹ́ kó máa wá bínú nílé wa ni."

Bàbá mi wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló ju kànrìnkàn kejì sí i, ó ní táyà ẹ̀yìn ò tíì mọ́. Ẹ̀ṣọ́ ká apá súẹ́tà rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n má baà rí omi tó ń bọ́ lójú mi. Bàbá mi ń ráhùn pé kò fọ̀ ọ́ dáadáa, òun náà ń dáhùn pé, "Ẹ má bínú, bàbá." Ìyá mi sì ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó kí omi tó gbẹ lára ọkọ̀ náà.