Ẹni Tí Ó Wá Ṣọ́ Maitiú

Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, àmọ́ ìborùn dúdú tí ìyá àgbà kan tó wọlé tọ̀ mí wá fi borí gbẹ táútáú. Ó yẹ kí n ti fura. Ṣùgbọ́n mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń ro mí, àwọn tó wá wo bárékè ọlọ́pàá wa àtijọ́, tí a sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí mò ń bójú tó, kò sì jẹ́ kí n fìdí kalẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó rọra béèrè pé ta ló ń bá Maitiú jókòó lókè. Maitiú ni ọlọ́pàá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ajìjàgbara wa yìnbọn pa nígbà tí à ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri. Mo rò pé ìyá náà ti ń ṣarán. Mo fi ṣẹ̀fẹ̀, mo ní bóyá eku.

Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ẹnu mi yìí náà! Ní agbègbè Kerry wa níbí, a kì í fi òkú sílẹ̀ ní òun nìkan títí a ó fi sin ín. Àwọn aládùúgbò á jókòó tì í, wọn á di ọwọ́ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ mú, wọn á kí i. Òkú Maitiú, tí wọ́n tẹ́ sí yàrá òkè bárékè yìí, kò rí ẹnì kankan.

Ó ní òun wá ṣọ́ Maitiú ọmọ òun lọ́jọ́ tí wọ́n pa á, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹni tó bá sunkún ọlọ́pàá, àwọn á dáná sun ilé rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ló kù sílé. Ó padà.

"Ta ni ọkùnrin náà, màmá?"

"Tadhg alágbẹ̀dẹ."

 Bàbá tó bí bàbá mi ni. Òun ló tọ́ mi, kò sì sọ ọ́ rí.

Mo mú un gòkè. Mo gbé àga méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tí a tẹ́ fún àwọn àlejò láti máa wò. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, síbẹ̀ ó ń fọwọ́ pa irun ẹnì kan. Àánú rẹ̀ gbà mí lọ́kàn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù bí omi kànga.

"Ẹ kú aráfẹ́rakù, màmá. Ẹ bá mi forí ji Tadhg."

"O ṣeun, ọmọ mi. Àmọ́ láti ẹnu òun gan-an ni mo ti ń retí ẹ̀bẹ̀ yẹn."

Mo fẹ́ sọ fún un pé ó ti di ọdún méjìdínláàádọ́ta tí a ti sin Tadhg, pé gbogbo ìlú ló wá ṣọ́ òkú rẹ̀, àga kò tiẹ̀ tó. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo jókòó sórí àga kejì, mo bá a ṣọ́ Maitiú.