Ewé Púpọ̀ Lórí Ebè Kùdírátù

Bàbá Ràmọ́nì kò tíì mu omi tán ní Bàrígà tí wọ́n fi ní kí Kùdírátù, ọmọ ọmọ wọn, mú àwọn lọ wo ẹ̀wà tuntun tí ó ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn lórí fóònù láti oṣù méjì ó lé.

Kùdírátù ń wọ́ ẹsẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ sí ọgbà ilé-ìwé rẹ̀. Òun ló ń bẹ bàbá pé kí wọ́n gbin irúgbìn náà sí oko wọn nítòsí Ìjẹ̀bú-Igbó, nítorí kòkòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ lu èso rẹ̀. Ọdọọdún ni kòkòrò ń jẹ ẹ̀wà bàbá. Wọ́n ti fèsì pé bí tirẹ̀ bá so, àwọn yóò gbìn ín. Bí kò bá so, kó má dárúkọ rẹ̀ sí àwọn mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Bámilóyè, olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ló pín irúgbìn náà nílé-ìwé. Ó kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má da ìgbẹ́ adìyẹ sí i; ilẹ̀ ọgbà náà ti lọ́ràá tó. Ọ̀rọ̀ náà kò wọ Kùdírátù létí. Ó fẹ́ kí ebè tirẹ̀ dára ju ti Habeebat, ọ̀rẹ́ rẹ̀, lọ. Ó gba ìgbẹ́ adìyẹ àpò méjì lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń sin adìyẹ ní Abúlé Òkúta, ó yọ́ dà á sídìí ẹ̀wà. Ewé bo ilẹ̀, kíláàsì ń kan sáárá sí i, òun náà ń yan bí ìyàwó tuntun. Àmọ́ ẹ̀wà kò so.

Bàbá tú ewé wò títí. Èso mẹ́ta péré ni wọ́n rí.

"Kùdí, ẹ̀wà àwọn ọ̀mọ̀wé nìyí? Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀wà wa àtijọ́ ni n ó máa gbìn lọ."

Bí Kùdírátù bá dákẹ́, irúgbìn ni yóò ru ẹ̀bi, ojú kò sì ní tì í. Ṣùgbọ́n kòkòrò yóò tún jẹ oko bàbá lọ́dún yìí, àánú wọn sì ṣe é.

"Bàbá, ẹ má bínú. Irúgbìn kọ́ ló ṣẹ̀, èmi ni. Tíṣà ní ká má da ìgbẹ́ adìyẹ sí i, mo dà á, ìyẹn ló jẹ́ kó ta ewé lásán. Ẹ wo ti Habeebat."

Ewé ebè kejì kò pọ̀, ṣùgbọ́n èso ṣù lé e lórí, òmíràn ti gbẹ. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn náà ṣe irú rẹ̀ sí oko bàbá àwọn nígbà èwe, bàbá àwọn sì fi igi lé àwọn yí oko ká.

Habeebat ká ẹ̀wà gbígbẹ agolo kan fún bàbá, wọ́n sì lọ gbìn ín sí oko wọn. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Bámilóyè gbọ́, ó ní kí Kùdírátù ro gbogbo ọgbà náà. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló fi ro ó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa gbọ́ ìkìlọ̀. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́: oko bàbá tó so lọ́dún yẹn, òótọ́ tí ọmọ kan sọ ló mú un so.