A Ò Gbọdọ̀ Pe Sùlíyá

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àhesọ. Nínú ẹbí wa ló ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbapò lọ́wọ́ ológun. A kọ ọ́ sílẹ̀ kó má baà di ìgbàgbé.

Ilé búrẹ́dì kan l'Ágége ni Sùlíyá ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó ní ẹnì kan ń pe òun láti inú ààrò. Ó sì dáhùn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ara rẹ̀ fi le gbagidi bí igi. Ojú là sílẹ̀, ẹnu padé.

Ṣùgbọ́n Sùlíyá ń gbọ́. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù n'Ìkẹjà, ó ń gbọ́ fáànù tó ń ké, ó ń gbọ́ bí Màmá, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ṣe ń fa tẹ̀sùbáà.

"Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tó yẹ kí wọ́n máa bá àìsàn jà, ọpọlọ ni wọ́n dojú kọ," ni Dókítà Olúgbénró sọ. "Wọ́n dí ibi tí ọpọlọ ti ń gba iṣẹ́. Orí ń ránṣẹ́, iṣẹ́ ò dé. Oògùn rẹ̀ wà. Ẹ máa pe orúkọ ẹ̀ sí i létí."

Ó jáde. Màmá mirí.

"A ò ní pè é. Ó ti jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí. Tí a bá tún pe orúkọ yẹn, a ò mọ ohun tó máa dáhùn. Tí kò bá fúnra ẹ̀ sọ̀rọ̀ kílẹ̀ tó ṣú, mo ń gbé e lọ sílé lọ́la."

"Màmá, ibí loògùn wà," ni Uswat, àbúrò Sùlíyá, sọ.

"Ìgbà wo lo di dókítà? Ìwọ tó ń dákú tó o bá rí abẹ́rẹ́."

Ẹ má gbé mi lọ. Sùlíyá ń pariwo nínú ara rẹ̀. Ariwo náà ò dé ọ̀fun.

Nírọ̀lẹ́, Màmá jáde lọ ṣe àlùwàlá. Uswat ti ilẹ̀kùn. Ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú.

"Àǹtí Sùlíyá."

Iná lọ. Fáànù dákẹ́.

Sùlíyá kó gbogbo agbára rẹ̀ jọ sórí ahọ́n. Ahọ́n ò mì.

"Àǹtí Sùlíyá, ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn."

"Hẹ̀n, Uswat."

Ohùn Sùlíyá ni. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti wá.

Uswat fi ọwọ́ náà sílẹ̀. "Ẹ ti dìde?"

"Mo ti dìde. Wá, ká máa lọ."

Uswat rọra dìde. Ó fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ́ ẹ dáadáa, bí ẹni tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo. Aṣọ bo ojú Sùlíyá. Ilẹ̀kùn ṣí, ó sì padé.

"Alihamudulilahi," Màmá ń sọ lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ṣé ebi ń pa ọ́?"

"Ebi ń pa mí gan-an, Màmá," ni ohùn náà dáhùn.

Ìró bàtà wọn ń jìnnà lọ. Lábẹ́ aṣọ, Sùlíyá ń dáhùn nínú ara rẹ̀, ó ń dáhùn.