Ohun Tí Fọ́tò Àyà Kò Rí

"Kọ 'kò sí' síbẹ̀," ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ojú pọ̀ níbí."

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọ náà nílé, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ kì í balẹ̀ rárá. Ó wo ìwé ilé ìwòsàn tó wà lórí itan rẹ̀: oògùn wo ni aláìsàn ń lò? Oṣù mẹ́jọ rèé tí ìyá rẹ̀ ti ń lo oògùn oríkèé ríro, èyí tó máa ń mú kí àwọn ọmọ ogun ara tó ń bá àrùn jà sùn. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ni ìyá ń wà. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá gbọ́ pé àìsàn ń ṣe é, ó máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tó ń gba ìwé sì rèé, aládùúgbò wọn ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

Jẹ́jẹ́ kọ "kò sí".

Wọ́n ya fọ́tò àyà. Dókítà wò ó títí. "Mi ò rí nǹkan kan, mọ́mì. Ẹ lọ máa lo oògùn ikọ́."

Wọn ò tíì dé géètì tí ìyá fi jókòó lẹ́ẹ̀mejì. Jẹ́jẹ́ dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

"Ṣé èèrà wọ aṣọ rẹ ni?" ìyá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Ètè rẹ̀ ti dúdú.

Ẹ̀rù ba Jẹ́jẹ́. Ó sáré padà sọ́dọ̀ dókítà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, irọ́ ni mo kọ!"

Bó ṣe dárúkọ oògùn náà ni dókítà fò dìde. "Òtútù àyà lè wà lára ẹni tó ń lo oògùn yẹn, kí fọ́tò lásán má rí i."

Wọ́n ti ìyá wọ inú ẹ̀rọ ńlá roboto tó ń ya àwòrán inú ara. Àwòrán yìí kò fi nǹkan pa mọ́: ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì ti ṣú bí ìgbà tí kùrukùru bo ojú ọ̀nà.

"O tú mi fó," ni ìyá wí, ó kọjú sí ògiri. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá a sọ̀rọ̀. Jẹ́jẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n kò kábàámọ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin tí wọ́n ti ń tọ́jú ìyá, wọ́n mú ìwé mìíràn wá síbi ibùsùn rẹ̀. Aládùúgbò wọn dúró níbẹ̀, ó la etí sílẹ̀.

"Jẹ́jẹ́, kọ ọ́," ni ìyá wí sókè. Ó dárúkọ oògùn náà ketekete. "Tó o bá ṣe tán, mú kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì lọ fún ọ̀gá mi. Iṣẹ́ á tún wá. Ó kù díẹ̀ kí àṣírí tí mo fi pa mọ́ fún ẹni tó fẹ́ wò mí sàn gbẹ̀mí mi."

Jẹ́jẹ́ kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà.