Irun Láwùmí Tí Wọn Ò Dì Tán

Ojú Láwùmí ti yọ síta, ahọ́n rẹ̀ há sáàárín eyín. Okùn bàtà ṣọ́jà tí wọ́n fi fún un lọ́rùn ti wọ inú ẹran débi pé ìka ni Sájẹ́ńtì Ràṣídátù fi wá a kó tó rí i. Yàrá kan ni, ní Bódìjà, láàárọ̀ Mọ́ńdè kan lọ́dún 1995. Kọ́pùrà Láwùmí Àjàgbé, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn bárékè, ni wọn ò rí ní párèèdì tí wọ́n fi wá a wálé.

"Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú," Kápítéènì Ayẹni wí láti ẹnu ọ̀nà. "Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló pa á. Suhail, tíṣà yẹn. Wọ́n jà lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo ilé ló gbọ́. Ó ti wà lọ́wọ́ wa. Kílẹ̀ tó ṣú, yóò jẹ́wọ́ tàbí kó kú síbẹ̀."

"Ó dáa, sà. Ẹ jẹ́ kí n kàn wo òkú náà."

Inú ń bí Ràṣídátù. Ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá ológun, síbẹ̀ kó lọ po tíì ni wọ́n ṣì máa ń rán an. Àwọn ọkùnrin ti wọlé, wọ́n ti jáde. Ta ló tún ń wá ẹ̀rí nígbà tó ti rí ẹni tó máa nà?

Bàtà Láwùmí wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, okùn wà lára méjèèjì. Àpótí ìjókòó kékeré kan dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èékánná òkú ti ya, ẹran ara ẹlòmíràn sì wà lábẹ́ wọn. Síkáàfù kan wà lórí rẹ̀, wọ́n so ó le dan-in. Ràṣídátù tú u. Apá òsì orí ti di dídì, kòlẹ́sẹ̀ wẹ́wẹ́ tó tẹ́ mọ́ orí. Apá ọ̀tún ṣì rí wúruwùru.

Bàbá Ikúbọlájẹ́, onílé, dúró ní kọ́rídọ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé.

"Bàbá, wọ́n ní Láwùmí gbá yín létí lóṣù tó kọjá."

"Lójú gbogbo ayálégbé mi."

"Kí lẹ ṣe fún un?"

Bàbá wolẹ̀. "Mo fọwọ́ kàn án nídìí."

"Ẹ tún wá a lọ lánàá?"

"Èmi kẹ̀? Ọmọ tó lè gbé mi ṣánlẹ̀! Ṣọ́ọ̀ṣì la wà títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tá a dé, ilẹ̀kùn ẹ̀ ti wà ní títì."

Ràṣídátù wo ojúgun bàbá náà. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan níbẹ̀. Ó dúpẹ́, ó lọ sí bárékè.

Ó gbọ́ igbe Suhail kó tó dé àtìmọ́lé. Wọ́n ti fi kòbókò la ẹ̀yìn rẹ̀ yánnayànna. Pátá nìkan ló kù lára rẹ̀, ó sì ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́, láti itan dé kókósẹ̀.

"Suhail, kí lẹ jà lé lórí?"

"Mo ní kó fi iṣẹ́ ṣọ́jà sílẹ̀ ká tó ṣe yìgì. Ó kọ̀. Mo padà lọ bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ àná, mo ní mo gbà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n máa lọ, ẹni tó fẹ́ dirun fún òun ń bọ̀."

"Ta ni?"

"Kò sọ. Sájẹ́ńtì, ẹ gbà mí. Wọ́n máa pa mí."

Ràṣídátù mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Ó jáde, ó ní kí gbogbo ṣọ́jà obìnrin wá tò síwájú ilé ìwòsàn. Kápítéènì tẹ̀ lé e, kòbókò lọ́wọ́. "O ń fi àkókò ṣòfò," ló ń wí.

Gbogbo àwọn obìnrin wọ síkẹ́ẹ̀tì, aṣọ Mọ́ńdè wọn. Wùnmí, ọ̀rẹ́ Láwùmí tímọ́tímọ́, nìkan ló wọ ṣòkòtò. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Okùn bàtà òsì rẹ̀ gbó, ti ọ̀tún ń dán.

"Ìgbà wo lo rí Láwùmí kẹ́yìn?"

"Fúráídè, mà. Ní ilé ìwòsàn." Ó yíjú, ó tutọ́.

"Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Ibà, mà." Ó tún tu òmíràn.

"Síkẹ́ẹ̀tì rẹ dà?"

"Mo fọ̀ ọ́, kò tí ì gbẹ."

"Ká ṣòkòtò yẹn sókè."

Orí ni Wùnmí fi kàn án nímú. Egungun ró, ẹ̀jẹ̀ bo Ràṣídátù lẹ́nu. Wùnmí rọ̀ mọ́ ọn, ó bù ú jẹ léjìká, kò fẹ́ yọ eyín kúrò. Ràṣídátù fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣubú, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó fa ṣòkòtò náà sókè. Èékánná ti ya ojúgun méjèèjì pẹ́rẹpẹ̀rẹ.

"Sà, Láwùmí lágbára ju Suhail lọ. Kò sẹ́ni tó lè fún un lọ́rùn láti iwájú. Ó jókòó sórí àpótí, ó gbé orí sáàárín ẹsẹ̀ ẹni tó fọkàn tán. Ẹsẹ̀ ẹni náà nìkan lọ́wọ́ rẹ̀ tó. Àwa obìnrin bárékè la sì máa ń dirun fún ara wa lọ́sàn-án Sọ́ńdè, kó tẹ́ dáadáa kí fìlà ṣọ́jà lè jókòó. Wùnmí, ìwọ lo so síkáàfù bo irun náà. O mọ̀ pé àwọn ọkùnrin ò ní tú u."

Wùnmí bú sẹ́kún. "Mo bẹ̀ ẹ́! Òun ló yẹ̀ mí wò, òun ló rí oyún. Ó ní tílẹ̀ bá mọ́, òun á fi tó wọn létí, pé tóun bá bò ó, wọ́n á lé àwa méjèèjì. Ẹ mọ òfin ibí, mà. Ẹni tó bá lóyún láìlọ́kọ, ọjọ́ náà ni wọ́n máa bọ́ aṣọ lọ́rùn ẹ̀. Kí ni mo tún ní láyé? Mo ń dirun, mo ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n yéé sunkún sí òun lórí. Mo tú okùn bàtà mi."

"Ta ló fún ọ lóyún?"

Wùnmí gbé ojú ẹlẹ́jẹ̀ rẹ̀ sókè. "Ẹ bi Kápítéènì. Wọ́n máa lé èmi. Ta ló máa lé àwọn?"

"Irọ́ ni!" Kápítéènì ké. "Ẹ gbé e lọ! Sájẹ́ńtì, o ò gbọ́ ọ̀rọ̀ oyún kankan."

Ràṣídátù wo àwọn obìnrin tó tò síbẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wolẹ̀.

"A gbọ́, sà. Gbogbo wa la gbọ́. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ àtìmọ́lé."

Kápítéènì na kọ́kọ́rọ́ sí i. Suhail ò lè dìde, àwọn obìnrin ló gbé e jáde.

"Ṣé ẹ ti rí ẹni náà?" ó bi Ràṣídátù.

"A ti rí ẹni tó pa á," Ràṣídátù wí. Kò mọ bí òun ṣe máa sọ ti ẹnì kejì, ti Kápítéènì, fún un.