Koríko Tó Ń Sùn Lórí Òkè

Rọra ṣí ìwé yìí, ọmọ mi. Má pariwo. Koríko ń sùn nínú rẹ̀. Bí o bá jí i kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, èmi ò sí níbẹ̀ o.

Túdà nìyí. Ewúrẹ́ rẹ̀ nìyí. Etí-Gbọọrọ lorúkọ rẹ̀.

Òtútù máa ń mú lórí òkè Átílásì láàárọ̀. Túdà àti Etí-Gbọọrọ ń gun òkè. Tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀.

Òjò ò rọ̀ tó lọ́dún yìí. Ó rẹ ilẹ̀. Ó rẹ Màmá. Ó rẹ Etí-Gbọọrọ. Ó rẹ Túdà náà.

Wọ́n to òkúta kéékèèké sórí òkè, ó lọ títí. Lẹ́yìn òkúta, koríko tutù yọ̀yọ̀. Òdòdó pupa wà níbẹ̀.

Màmá ti sọ fún un.

"Má kọjá òkúta o! Bàbá mímọ́ tí wọ́n sin sókè yẹn ló fi àdúrà sé ibẹ̀. Ilẹ̀ ń sinmi. Ẹran tó bá wọ ibẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, pípa ni wọ́n ń pa á."

"Ìgbà wo lọjọ́ máa pé, Màmá?"

"Ìgbà tí òdòdó bá gbọn irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀."

Túdà jókòó. Ó ní kí òun kàn di ojú díẹ̀. Díẹ̀ báyìí.

Wàmù-wàmù. Wàmù-wàmù.

Kí nìyẹn?

Yéè! Etí-Gbọọrọ ti kọjá òkúta!

"Jáde ńbẹ̀! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n pa ọ́ ni?"

Etí-Gbọọrọ ń jẹ lọ. Ẹnu rẹ̀ kún.

Túdà gbé ẹsẹ̀ sókè. Ó fẹ́ sáré wọlé. Háà! Ẹsẹ̀ tòun náà á tẹ koríko mọ́lẹ̀.

Ó rọra dá ẹsẹ̀ padà.

Ó wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ó mú agolo iyọ̀ jáde nínú àpò. Ó mì í.

Ṣẹ́kẹ́-ṣẹ́kẹ́.

Etí-Gbọọrọ na etí.

Ṣẹ́kẹ́-ṣẹ́kẹ́.

Ó ń bọ̀. Tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀. Ó lá iyọ̀ lọ́wọ́ Túdà. Túdà dì í lọ́rùn mú.

"Túdà, kí lo ń ṣe níbí?"

Bàbá Básù rèé! Òun ló ń ṣọ́ koríko. Ó fara ti ọ̀pá rẹ̀. Ó rẹ òun náà.

Òdòdó pupa kan ṣì há sí irùngbọ̀n ewúrẹ́. Túdà fi ọwọ́ bò ó.  

Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ kúrò.

"Mo sùn lọ, Bàbá. Ó wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á. Wàrà rẹ̀ ni àbúrò mi ń mu."

"Ìwọ náà wọlé?"

"Rárá, Bàbá. Iyọ̀ ni mo fi pè é."

"Ẹnu mélòó ló jẹ?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Mo ń sùn."

Bàbá Básù mí kanlẹ̀. Hùùù. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Èmi náà ń sùn. Ṣé o rí i, ilẹ̀ yìí kì í ṣe tìẹ, kì í ṣe tèmi. Ọlọ́run ló ní ká bá òun ṣọ́ ọ. Ojú mi nìkan ò tó mọ́. Jókòó. Bá mi ṣọ́ ọ."

Láti ọjọ́ náà, bí Bàbá bá sùn, Túdà a lajú. Bí Túdà bá sùn, Bàbá a lajú.

Wọ́n so Etí-Gbọọrọ mọ́ òkúta ńlá.

"Mẹ̀ẹ́ẹ̀!"

"Sùúrù," ni Túdà wí.

Lọ́jọ́ kan, afẹ́fẹ́ fẹ́. Fẹ́ẹ́ẹ́. Irúgbìn já bọ́ wàrà-wàrà.

Ọjọ́ pé!

Gbogbo abúlé gbé búrẹ́dì àti bọ́tà lọ síbi ibojì bàbá mímọ́. Wọ́n ṣàdúrà. Bìsímílà! Àgùntàn wọlé. Ewúrẹ́ wọlé. Etí-Gbọọrọ náà wọlé.

Wàmù-wàmù. Wàmù-wàmù.

Àǹtí Yámnà, aládùúgbò tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, dé.

"Túdà! Ṣé wọ́n ti fi ọ́ jẹ ọlọ́pàá koríko ni? Kí lo ṣe tí o fi ń jókòó ti Bàbá lójoojúmọ́?"

Túdà wo Bàbá. Bàbá wo ewúrẹ́.

"Ọ̀rọ̀ yẹn ti sùn," ni Bàbá Básù wí. "Má jí i."

"Ẹ ṣáà sọ díẹ̀, Bàbá!"

Bàbá Básù bu búrẹ́dì jẹ. Ẹnu rẹ̀ kún.